Ìyá Mi Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lójú kan náà lórí ayélujára, Yorùbá kan ò lè kú ní Mẹ́kà kí àwa tí a wà ní Jẹ́dà má gbọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì. Ẹnìkan á ti ya àwòrán ojú rẹ̀ tàbí ti aṣọ ọrùn rẹ̀, á gbé e sójú ìwé wa lórí ìkànnì ńlá yẹn, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló mọ ìyá yìí?" Kí o tó mu omi tán, ará Ìwó ti dáhùn, ará Ṣakí ti dáhùn, ẹnìkan láti Ìlọrin ti ní àbúrò ìyàwó òun ni. Ariwo pọ̀ níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Wọ́n ń ta ìpara abóra, wọ́n ń bú ara wọn nítorí ìṣèlú ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì fojú rí láti ìgbà èwe, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tó mọ kéwú jù. Orí máa ń fọ́ mi tí mo bá ṣí i. Ṣùgbọ́n tí o bá ṣubú, ariwo yẹn á gbé ọ dìde.

Jẹ́dà ni wọ́n bí mi sí, ní Kàràǹtínà, nínú yàrá tí ìyá mi ń gbé títí di òní. Ìdí ààrò rẹ̀ ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mò ń kọ yìí. Àwọn àbúrò mi gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, ìyá mi á sì ní adìyẹ lòun pa ẹyin rẹ̀, òun ò mọ bó ṣe di pẹ́pẹ́yẹ. Mẹ́kà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣubáíkà, nítòsí Mọ́sálásí Hárámù. Èmi ni mò ń fún àwọn àlejò Ọlọ́run ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, tí mo sì ń gbọ́ èébú wọn tí ẹ̀rọ agbéniròkè bá bàjẹ́. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo máa ń wálé.

Ìyá mi ní àbúrò kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀ pátápátá. Àlàájà Kúdài là ń pè é, nítorí Kúdài ló ń gbé, ní gúúsù Mẹ́kà, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀. Ó wá ṣe Háájì, kò padà. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń tà fún àwọn tí ọ̀dà gbígbóná ti jó lẹ́sẹ̀, á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wọ́n fẹ́ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe súyà ni. Kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú tí gbogbo àjèjì gbọ́dọ̀ ní níbí. Ẹni tí kò bá ní ìkámà kò lè fọkàn balẹ̀ wọ ọsibítù, kò sì lè ra síìmù fóònù lórúkọ ara rẹ̀. Orúkọ ẹlòmíràn ló fi ń lo síìmù. Bí ẹni náà bá ti padà sí Nàìjíríà, síìmù á kú, Àlàájà á sì lọ wá òmíràn. Tó bá ti rí i, ohùn ló máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, nítorí kò mọ̀ ọ́n kọ: "Èmi náà ni o. Wọ́n tún ti pa mí, mo tún ti jí." Á wá rẹ́rìn-ín títí tí ohùn náà á fi parí.

Ọkùnrin kan ló tú wa ká. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán gangan ló wọ àdúgbò wa tòun ti fóònù lọ́wọ́, ó ń ya fídíò lọ tààrà sójú ìkànnì ńlá, ó ń kí àwọn ìyá tí wọ́n jókòó síwájú ilé: "Ẹ wo àwọn èèyàn wa ní Kàràǹtínà. Ìyá, ẹ kí wọn nílé." Àwọn ìyá kí wọn nílé. Wọ́n juwọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnu ọ̀nà ilé wọn sì hàn kedere lẹ́yìn wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí jáwásàtì, àwọn ọlọ́pàá tí ń wá ẹni tí kò ní ìwé, fi ya wọ òpópónà yẹn, wọ́n sì kó àwọn ìyá náà lọ. Bóyá fídíò yẹn ló fà á, bóyá òun kọ́. Wọ́n ti ń kó èèyàn ní Kàràǹtínà kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó ní fóònù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kí oṣù tó parí, ojú ìwé wa ti dà bí ọjà tí òjò tú ká.

Ìyá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. "Ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn, ọjà ni," ó ní. "Mi ò lè gbé àbúrò mi sáàárín ọjà." Ó ní kí n bá òun dá gúrúùpù kékeré sílẹ̀ lórí fóònù, fún àwa ará Ìsẹ́yìn nìkan, òun ni yóò sì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí Àlàájà ni. Ó sọ ọ́ fún mi lójúkojú: ẹni tó ní ìwé lè máa ṣe fàájì níbi tó bá wù ú, ẹni tí kò ní ìwé ló nílò ìlẹ̀kùn.

Òfin ìyá mi le ju ti ìjọba lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi àwòrán sílẹ̀, ti ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ, kò gbọdọ̀ béèrè ibi tí ẹnìkan ń gbé, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níbẹ̀ ò sì gbọdọ̀ jáde. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá mi fúnra rẹ̀, kó kí i bí wọ́n ti ń kí àgbà nílé, kó sì dáhùn ìbéèrè kan: "Agboolé wo lo ti wá?" Ìyá mi gbà pé wọ́n lè jí àwòrán, wọ́n lè jí orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá tó lè sọ orúkọ agboolé bí ọmọ agboolé ti ń sọ ọ́. Ní tòótọ́, ọ̀nà náà gbéṣẹ́. Ó lé àwọn onígbájúẹ̀ dànù, ó lé ọkùnrin kan tó ní òun jẹ́ ará Ìsẹ́yìn ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú wá.

Mi ò lè sọ pé kò dùn níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá ń fi ohùn sọ àlá wọn láàárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn kú orí ire, ẹnikẹ́ni ò bú ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú tó kù ṣe bẹ́ẹ̀. Ará Ṣakí dá tiwọn sílẹ̀, ará Ìwó dá tiwọn, àwọn tí ń ta ọjà ní Kúdài ní tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní tiwọn, orí ètò fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá dá gúrúùpù kan sílẹ̀ láàárín ara wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà burúkú han ara wọn, kí ẹni tí ilé kan bá lé má bàa gba ilé kejì wọlé. Ohun kan ṣoṣo tó lè ti inú gúrúùpù kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn. Ìròyìn ìkómọ kò kọjá, ìròyìn àìsàn kò kọjá, ìkìlọ̀ nìkan ló ń rìn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, mo wà nílé, ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, fóònù rẹ̀ sì dún. Nọ́ńbà tuntun ni, kò sí àwòrán lójú rẹ̀. Ẹni náà fi ohùn ránṣẹ́. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa sì gbọ́ ọ nínú yàrá: èémí ni, èémí líle, kò sí ọ̀rọ̀. Ìyá mi gbé fóònù sẹ́nu, ó sì fi ohùn dá a lóhùn bí ó ti ń ṣe fún gbogbo àjèjì: "Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀? Agboolé wo lo ti wá?" Kò pẹ́ tí òmíràn dé. Èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dà bí ẹni tí omi há sí lọ́nà ọ̀fun, ohùn náà ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀. Àbúrò mi obìnrin sọ ọ́ ní Lárúbáwá pé àlùjànnú ni, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. "Aláìníṣẹ́," ó ní. Ó dínà mọ́ nọ́ńbà náà, ó fi nọ́ńbà àti ohùn méjèèjì ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra, ẹnìkan ń fi ohùn òfìfo dán ìlẹ̀kùn wò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú yín ó ṣú, Màmá." Ìyá mi padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Síìmù Àlàájà Kúdài ti kú ṣáájú ìgbà náà. Kò yà wá lẹ́nu, ó ti mọ́ wa lára. Ìyá mi ń retí kó fi ohùn tuntun ránṣẹ́. Nígbà tí kò gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ní bóyá kò tíì rówó síìmù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé ó ń gbé fóònù lọ sí ilé ìwẹ̀. Nígbà tó yá, kò rí oorun sùn mọ́. "Ó yẹ kó ti jí," ó ní fún mi lórí fóònù, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. "Bó ti wù kó rí, ó yẹ kó ti jí. Lọ bá mi wò ó."

Mo lọ sí Kúdài. Nínú yàrá tí òun àti àwọn obìnrin mìíràn jọ ń sùn, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé mi.

"Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ ra síìmù," ó ní. "Kò wọlé mọ́. A rò pé jáwásàtì ti mú un ni."

"Ẹ̀yin ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"A sọ ọ́ ní gúrúùpù wa. Kò sẹ́ni tó mọ ẹbí ẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ká pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ká má dá wàhálà sílẹ̀." Ó nawọ́ sí igun yàrá, níbi tí àpò ìbọ̀sẹ̀ Àlàájà wà, tí wọ́n ti so ẹnu rẹ̀ dáadáa. "A ò fọwọ́ kan ẹrù ẹ̀ o, ọmọ mi."

Inú bí mi sí i, inú sì bí mi sí ara mi pé mò ń bínú sí i. Kí ni ì bá ṣe? Òun náà kò ní ìwé.

Mo dé ilé, mo ní kí ìyá mi jẹ́ kí n padà sójú ìkànnì ńlá, kí n gbé àwòrán Àlàájà síbẹ̀ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó sá pamọ́ síbì kan ni ńkọ́, a ti fi ojú rẹ̀ han àwọn tó ń wá a. Mo ní, "Màmá, àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà." Ó wò mí. "Ejò tó bá kọ́wọ̀ọ́ rìn," ó ní, "igi kan náà ni wọ́n fi ń pa gbogbo wọn. O ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ mi." Mo pariwo mọ́ ọn, ohun tí mi ò ṣe rí. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Àárẹ̀ mú un, mo rí i ní ojú rẹ̀. "Ìwọ ní ìkámà," ó ní níkẹyìn. "Fi ẹsẹ̀ rẹ wá a. Má fi sórí ayélujára."

Mo sáà ṣí ojú ìwé àtijọ́ yẹn wò. Àwọn onípara abóra ló kù níbẹ̀, àti ẹnìkan tó ní òun ń lé àlùjànnú láti ọ̀nà jíjìn. Ìbéèrè tó wà lókè pátápátá, ẹnìkan ló béèrè ọ̀nà dé Kúdài, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Mo tì í pa.

Ọsibítù ni mo ń wọ̀ tí mo bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́, mo ń fi àwòrán Àlàájà lórí fóònù mi han àwọn tó wà nídìí tábìlì, mo ń fi ìkámà mi hàn kí wọ́n tó bi mí. Nínú ọ̀kan nínú wọn, akọ̀wé ń tú orúkọ wò lórí kọ̀ǹpútà, kò rí ohun tó jọ ọ́. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀, ọmọ Bàǹgíládéṣì, kọjá lẹ́yìn mi, ó wo fóònù náà láti orí èjìká mi, ó sì fi igi ìnulẹ̀ rẹ̀ ti ògiri. "Ìyá mi nìyí," ó ní ní Lárúbáwá, bí wọ́n ti ń pe àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jókòó, mo sì ti mọ̀ kó tó la ẹnu.

Ìtòsí ilé ìtajà fóònù ni Àlàájà ṣubú sí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó pa apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó wọ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, kò lè sọ ọ́. Kò ní ìwé kankan lára, fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tòun ti síìmù tuntun nínú rẹ̀. Obìnrin onínulẹ̀ náà ló ń jókòó tì í tó bá ti ṣíwọ́. Ó ní Àlàájà ń nàka sí fóònù, òun sì gbé e fún un. Ọwọ́ òsì ló fi wá nọ́ńbà kan rí. Òun wá bá a tẹ ibi tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, òun sì gbé e sí i lẹ́nu.

"Ẹnìkan dáhùn," ó ní. "Obìnrin ni, mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó ń gbọn ọwọ́ mi, inú rẹ̀ dùn, ó ń sunkún. Ó nàka sí i pé kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. A ń retí. Nígbà tó yá, mo fẹ́ pe obìnrin yẹn fúnra mi, kí n fi Lárúbáwá ṣàlàyé fún un. Kò wọlé. Mo gbìyànjú títí, kò wọlé."

Àlàájà kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán. Inú yàrá òkú títutù ló wà láti ìgbà náà, láìlórúkọ, tí ó ń dúró de ẹni tí yóò wá sọ pé tòun ni.

Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwé tí mo fi gbà á jáde. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ ọ́n. Wọ́n kírun sí i lára ní Hárámù lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, pẹ̀lú òkú mìíràn. Níbẹ̀, wọn kì í dárúkọ òkú. Wọ́n á kàn kéde pé ó ku ìrun lórí àwọn òkú, gbogbo èrò á sì dìde. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa wà nínú èrò yẹn, ará Ṣakí, ará Ìwó, bóyá ará Ìsẹ́yìn pàápàá, wọ́n ń tọrọ àforíjìn fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Láyé ìkànnì ńlá, wọn ì bá kún ẹ̀yìn òkú rẹ̀ títí dé ìtẹ́. Èmi, ìyá mi àti obìnrin onínulẹ̀ yẹn nìkan ni ó mọ ẹni tí à ń kírun sí.

Lẹ́yìn náà, èmi àti ìyá mi lọ kó ẹrù rẹ̀ ní Kúdài. Ìyá mi tú àpò ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ń so wọ́n ní méjì méjì bí ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ti ohùn yẹn. Mo rò pé mo lè gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣe ọmọdé.

"Síìmù tuntun yẹn," ó ní. "Ó fi bá ẹnìkan sọ̀rọ̀?"

Mi ò lè purọ́ fún un nínú yàrá yẹn. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Ó so ìbọ̀sẹ̀ kan mọ́ ìkejì tí kò bá a mu, ó tú u. "Ó gbọ́ ohùn mi?"

"Ó gbọ́ ọ."

"Kí ló ṣe?"

"Inú rẹ̀ dùn. Ó di ọwọ́ obìnrin yẹn mú."

Ìyá mi mú fóònù rẹ̀. Ohùn méjèèjì ṣì wà ní gúrúùpù àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tó fi wọ́n sí, ọpẹ́ gbogbo wọn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ èkejì, ó gbé e sétí, ó pa ojú dé. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nà án sí mi, èmi náà sì fetí sí i. Àárín èémí yẹn, ohùn náà lọ sókè, ó wálẹ̀, ó tún lọ sókè. Ó sinmi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bákan náà, pẹ̀lú sùúrù. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohùn tí ìyá mi fi ń sọ orúkọ agboolé wọn.

"Ó dáhùn," ni ìyá mi wí. "Mo bi í, ó sì dá mi lóhùn."